Orí Abẹ́ Fìlà

Dókítà Olútóyè kì í ṣí fìlà. Àwọn èèyàn ní iyì ni; Morónfólú tó ń bá a ṣiṣẹ́ nìkan ló mọ̀ pé làpálàpá ni.

Òun ló ha á lórí ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú yàrá àyẹ̀wò wọn ní Accra, ilẹ̀kùn ní títì.

"Ṣe é kíá," ni ọ̀gá wí, ó tẹrí ba. Kò fura pé fóònù tí Morónfólú fi ń tanná sí òun lórí ń ya fọ́tò.

Ohun tí Morónfólú ha ló gbìn sínú àwo. Ó hù funfun bí èbu orí búrẹ́dì. Ó da oje oríṣiríṣi ewé sí i, kò mira. Àfi ewé àsunwọ̀n òyìnbó, tó já lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Lagos Town, àdúgbò kan nínú Accra níbẹ̀: ibi tí oje yẹn kán sí, èbu kò débẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìwé ìwádìí jáde, orúkọ Olútóyè nìkan ló wà lórí rẹ̀, gàdàgbà bí orúkọ olóṣèlú lára pátákó.

"Sà, orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Morónfólú, ọmọ mi, ṣé ẹni tó fọ abọ́ náà ló se ọbẹ̀? Lọ bá mi to fọ́tò tí n óò fi han àwọn àlejò."

Ó tò ó. Ó fi ẹyọ kan lé e.

Lọ́jọ́ àpérò, èèyàn kún yàrá fọ́fọ́. Fọ́tò tó kẹ́yìn hàn lára ògiri: àtàrí kan, òrùka làpálàpá méjì so mọ́ra lórí rẹ̀ bí awò ojú.

"Apẹja kan létí òkun Jamestown nìyí," ni Olútóyè wí. "Èmi fúnra mi ni mo ha á. Wọn kì í fọ orí, ẹ má dá wọn lóhùn."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Phoebe, alága àpérò, béèrè ẹni tí yóò fi àdúrà parí. Morónfólú nawọ́.

"Ọ̀gá wa ni, mà. Pásítọ̀ ni wọ́n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olútóyè dìde, ó dijú.

"Dókítà," ni Phoebe wí jẹ́jẹ́, "fìlà yín."

"Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, mà."

"Orí ni fìlà wà."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ṣí i, ó sì tẹrí ba wọlẹ̀ bí ẹni mímọ́. Ojú àwọn àlejò tó yẹ kó dì ò dì. Òrùka méjì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, òrùka méjì wà níwájú.

"Apẹja náà rèé," ni ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn.

Olútóyè nìkan ló ṣe àmín.

Nígbà tí yàrá dá, ó rọra wá bá Morónfólú, fìlà ti wọlé dé etí.

"Jọ̀ọ́, po oje ewé yẹn fún mi díẹ̀."

"Èmi kẹ̀, sà? Abọ́ ni mo ń fọ̀."