Ọjọ́ Tí Ẹfọ̀n Kò Ké

Ní ìjọba Erin, kò sí ohun tí kò ní ètò. Ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò, gbogbo ẹran tí ń jẹ koríko àti gbòǹgbò ni ó sì ń gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ẹran kan bá kán lẹ́sẹ̀, abẹ́ igi ọdán kan wà tí wọn yóò gbé e lọ, tí àwọn àgbà yóò máa jẹ ewé lẹ́nu, tí wọn yóò sì máa fi lé ojú ọgbẹ́ náà títí yóò fi jinná. Àwọn tí ń kọjá a máa kí i pé ó kú ìnira, wọn a sì mú oúnjẹ wá fún un.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó ju gbogbo òfin lọ. Ohun tí ó bá ń ṣe ẹran nínú, tí ojú kò rí, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. Àwọn baba ńlá wọn ni ó ṣe òfin náà. Wọ́n ní bí àwọn ìkookò tí ń gbé òdì kejì odò bá gbọ́ pé ọkàn ẹnìkan rẹ̀wẹ̀sì nínú ìlú, wọn yóò gbógun wá. Òwe tí wọ́n fi gbe òfin náà lẹ́sẹ̀ ni pé akọ igi kì í ṣoje. Ẹni tí ó bá rú u, etí igbó ni wọn yóò lé e lọ, kò sì ní bá agbo jẹun mọ́.

Ẹfọ̀n ni olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ibi tí odò kò ti jìn ni ó máa ń dúró sí. Bí ó bá rí ìkookò, yóò ké igbe kan ṣoṣo, gbogbo ìlú yóò sì sá gun òkè. Ọdún méjìlá ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí láìsí àṣìṣe. Ní ọdún kẹtàlá, iná jó igbó náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹfọ̀n sáré kó ọmọ àwọn ẹlòmíràn jáde, ṣùgbọ́n kí ó tó padà sẹ́yìn, iná ti pa ọmọ tirẹ̀ méjèèjì. Ìlú bá a kẹ́dùn fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó padà sí etí odò, gbogbo wọn sì ń yìn ín pé akọni ni.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, koríko kò dùn lẹ́nu Ẹfọ̀n mọ́. Bí oòrùn bá tàn sójú omi, iná ni ó ń rí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ koríko gbígbẹ, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kọ̀ láti gbé e. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, ó lọ bá Òòrẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ọba. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì tí Òòrẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún, tí ó ń wo òsì.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbé e mì. Bí Ìmàdò, Ọ̀tún ọba, bá gbọ́ ọ, ó parí fún ọ nìyẹn. Máa jẹun dáadáa, yóò kọjá lọ."

Ẹfọ̀n gbé e mì. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń gbé e mì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìyá ń fún ọmọ lọ́mú ní etí omi nígbà tí ìkookò mẹ́fà wọ odò. Ẹfọ̀n rí wọn. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Odò náà ti di iná lójú rẹ̀, àárín iná náà ni ó sì ti ń wá ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kí Ehoro tó rí ohun tí ń bọ̀, kí ó sì fi igbe ta, ìkookò ti gbé ẹran mẹ́ta lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìgalà bí wà nínú wọn.

Erin pe ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìmàdò ni ó kọ́kọ́ dìde.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà ìlú, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kò gùn. A fi ẹnìkan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó rí ọ̀tá, kò sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojo ni, ojo kì í ṣọ́ ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé ó bá ìkookò mulẹ̀ ni, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa."

Wọ́n ní kí Ẹfọ̀n fèsì. Ó foríbalẹ̀ fún ọba kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, n kò bá ìkookò mulẹ̀, n kò sì sá. Mo dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ iná ni nǹkan kan ti ń ṣe mí, tí n kò ní ojú ọgbẹ́ tí mo lè fi hàn yín. Ká ní ẹsẹ̀ mi ni ó kán, ẹ̀yin fúnra yín ni ì bá sọ pé kí n má lọ sí etí odò. Ẹ ní akọ igi kì í ṣoje. Igi tí kò bá ṣoje mọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ti kú lórí ìdúró."

Erin béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Òòrẹ̀ wolẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, wọ́n lé Ẹfọ̀n lọ sí etí igbó. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn kì í ṣe ti ẹran mẹ́ta tí ó kú. Wọ́n ní ó sọ ohun tí a kì í sọ, ní ojú ìgbìmọ̀, ní ọ̀sán gangan.

Ọjọ́ kẹta ni Òòrẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní òun kò wá láti kí i, òun wá láti jókòó tì í ni. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí o gbé e mì. Wá sọ ìyókù rẹ̀." Ẹfọ̀n sì sọ ọ́, láti orí dé ìdí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìgalà dé. Òòrẹ̀ sáré bọ́ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí ó rò pé èpè ni ó gbé wá. Ìgalà dúró lókèèrè, ó bi Ẹfọ̀n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ọmọ mi ní ọjọ́ náà?"

Ẹfọ̀n ní òun rí i. Ó ní ojú ọmọ tòun ni òun rí lára rẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò sì gbéra.

Ìgalà sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, "N kò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró nílé. Bí mo bá ti fẹ́ dárúkọ ọmọ mi, wọ́n á ní kí n mọ́kàn le. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Ehoro wá, tí igbe ọjọ́ náà kò kúrò létí rẹ̀. Ẹtu wá, abiyamọ tí kò lè wo ojú ọmọ tuntun rẹ̀, tí kò sì mọ ìdí. Àwọn mìíràn ń yọ́ wá lẹ́yìn wọn. Àwọn kan kò sọ ohunkóhun, wọ́n kàn ń gbọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ara wọn yá. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ ṣì máa ń gbọ̀n bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ṣùgbọ́n méjì méjì ni wọ́n ń ṣe ẹ̀ṣọ́ etí igbó náà, bí ọ̀kan bá sì jí tí ó ní ọkàn òun wúwo lónìí, ẹlòmíràn yóò bọ́ sí ipò rẹ̀ láìbi í léèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkookò wá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni igbe ta. Wọn kò rí ẹran kan gbé lọ.

Nínú ìlú, Ìmàdò ti pààrọ̀ olórí ẹ̀ṣọ́ nígbà mẹ́ta. Ó lọ bá ọba, ó ní kí wọ́n tú àwọn ará etí igbó ká kí wọ́n tó ba gbogbo ìlú jẹ́. Erin ní òun yóò lọ fúnra òun, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun.

Nígbà tí àwọn ará etí igbó rí i, ẹ̀rù bà wọ́n, gbogbo wọn dìde. Erin dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ọdún kọkànlá rèé tí olorì ti kú. N kò tíì pe orúkọ rẹ̀ sí etí ẹnikẹ́ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ẹfọ̀n ni ó kọ́kọ́ sún.