Àjàrà Tó Bu

Ìdírísì ń ṣa èso àjàrà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo, ó ń ju èyí tó dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Muslimat ọmọ rẹ̀ jókòó tì í nílẹ̀ ilé ìdáná wọn ní àdúgbò Al-Hujun, ó ń tún èyí tí bàbá rẹ̀ ṣà yẹ̀ wò.

"Ẹ ju èyí tó hu nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn nù, Bàbá. Èyí tó hu nǹkan eléérú nìkan la fẹ́."

"Mo rí i."

Olùkọ́ yunifásítì ni Muslimat ní Al-Abidiyah, àrùn ewéko sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gun òkè lọ wá àjàrà náà ní Tọ́ífù lánàá, nítorí Kulthum ìyàwó rẹ̀. Látìgbà tí àìsàn ti dá Kulthum dùbúlẹ̀, gbogbo oúnjẹ ló ń korò lẹ́nu rẹ̀. Òrùka rẹ̀ ti ń bọ́ fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun lè tọ́ wò: omi àjàrà tó ti bu, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń fún. Ilyas olóko fẹ́ẹ́ da tirẹ̀ fún ewúrẹ́ nígbà tí Ìdírísì dé.

"Ilé àtijọ́ kan tó ní oko àjàrà wà ní Faransé," Muslimat ní, "ńṣe ni wọ́n ń retí kí tiwọn bu báyìí. Kùrukùru odò á bo oko láàárọ̀, oòrùn á ràn lọ́sàn-án. Nǹkan eléérú yìí á lu awọ èso, omi á gbẹ, adùn á ṣẹ́ kù. Wọn kì í já ṣìrì. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Ọtí. Wọ́n á fún un, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá onígi, á pẹ́ níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan."

Ìdírísì gbé àwo. "A ó bá wọn dé ibi fífún. A ò ní bá wọn dé ìdí àgbá."

Ìwọ̀nba tó jáde kò kún jọ́ọ̀gì. Ó pọ́n bí oyin. Ìdírísì bu ún sí ife, ó gbé e lọ bá Kulthum. Kulthum gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà.

"Ó di ìgbà tí Morufat bá dé."

Àbúrò rẹ̀ ni Morufat, aránṣọ ní Al-Mahjar, ní Jẹ́dà. Nílé ìyá wọn, ife kan náà làwọn méjèèjì fi ń mu ún, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀," Ìdírísì ní. "Yóò ti hó di ọtí. Tó bá ti hó, dídà ni."

"Ẹ dà á nígbà náà, Bàbá Muslimat."

Kò bá a jiyàn. Ó jáde, ó pe Morufat.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò mu ún. Ìwọ ló ń dúró dè."

"Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, ọkọ wa. Ọ̀gá mi ò ní gbà."

"Mo bẹ̀ ọ́."

Morufat gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti di àna, Ìdírísì kò bẹ̀ ẹ́ rí.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Ó dé ṣáájú Màgírúbù ọjọ́ náà, òwú ṣì wà lára apá aṣọ rẹ̀. Ìdírísì gbé etí lé jọ́ọ̀gì. Kò hó. Ó bu ún.

"Ìwọ mu ná," Kulthum sọ fún àbúrò rẹ̀, "ìwọ wọ̀bìà."

Morufat fi kan ètè, ó gbé ife fún un. Kulthum mu, ó di ojú.

"Ṣé ó korò ni?" Muslimat bi í.

Morufat na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, ó kàn mí."

"Mú sùúrù." Kulthum fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó tún mu.

Morufat wo Ìdírísì, ó fi ìbòrí nu ojú. "Ta wá ni wọ̀bìà báyìí?"

Nígbà tí ife padà dé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò kún ṣíbí kan.