Ohun Tí Kámẹ́rà Rí Lọ́nà Ojoku

Láti àárọ̀ ni Sherifat kò ti lè jókòó. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tún padà wọlé. Kámẹ́rà tó fi ń ya fídíò ìkómọ àti ìgbéyàwó káàkiri Ọ̀fà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kásẹ́ẹ̀tì àná ṣì wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó rọrùn ló bá lọ lánàá. Ọmọ Ojoku kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n ya ọ̀nà ilé fún òun, láti Ojoku dé Ọ̀fà, kí òun lè máa wò ó bí àárò ilé bá ń sọ òun. Sherifat háyà takisí Bàbá Jímọ̀, ó jókòó síwájú, ó gbé kámẹ́rà lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi gèlè rẹ̀ tì í kó má baà máa mì. Bàbá Jímọ̀ ń rọra wakọ̀.

"Jẹ́ kí ọmọ náà rí oko ẹ̀gẹ́ yìí dáadáa," ló ń wí.

Níbi kọ́nà kan ni bọ́ọ̀sì ti yọ sí wọn. Ó ti bọ́ sí apá ọ̀nà tiwọn, ó ń sáré kọjá lára tírélà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ohun tó ń bọ̀. Ọlọ́kadà kan wà níwájú wọn, ó gbé obìnrin àgbẹ̀ kan, Ọ̀ṣunníkẹ́, tó ń lọ sọ́jà. Bọ́ọ̀sì gbá wọn. Bàbá Jímọ̀ ya takisí sínú igbó. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, ọlọ́kadà ti dákú, ẹsẹ̀ Ọ̀ṣunníkẹ́ ti kán, tírélà sì ti lọ.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Bọ̀dá Gbádé ni, àbúrò ìyá Sherifat gan-an.

"Bàbá yìí ló fẹ́ kọjá lára ọ̀kadà tó fi wá sójú ọ̀nà mi!" ló ń pariwo. "Ìgbà tí mo yẹ̀ fún un ni mo gbá wọn!"

Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn tó fara pa lọ sí ọsibítù, wọ́n sì mú Bàbá Jímọ̀ lọ. Ẹnu Sherifat wúwo, kò lè là á.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè jókòó. Kò pẹ́, Àríkẹ́, ìyá rẹ̀, wọlé.

"Mo gbọ́ pé o ya fídíò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Gbádé ló ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi tọ́ yín nígbà tí bàbá yín kú." Àríkẹ́ kò wo ojú rẹ̀. "Kásẹ́ẹ̀tì máa ń bàjẹ́, àbí kì í bàjẹ́?"

"Ó máa ń bàjẹ́, mà."

"Ìwọ náà ti gbọ́ ohun tí mo wí."

Sherifat gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó jáde. Kò lè dúró de mọ́tò. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé gáréèjì. Bọ̀dá Gbádé ń tún iná bọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Jímọ̀ ti dàgbà, wọn ò ní pẹ́ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì tèmi, kí làwọn ọmọ mi ó jẹ?"

"Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ńkọ́?"

"Mò ń kánjú ni. Ta ni kì í kánjú?" Ó yíjú padà sí iná tó ń tún ṣe.

Sherifat kọjá sí tẹ́ṣàn. Ó ní òun fẹ́ fi fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní NẸ́PÀ ti múná lọ, àwọn ò sì ní tẹlifíṣọ̀n. Sherifat ní bátìrì kámẹ́rà ṣì kù díẹ̀.

"Ẹ fi ojú kan síbí, sà."

Nínú ihò kékeré tí wọ́n ń fojú wò lẹ́yìn kámẹ́rà ni ọ̀gá ti rí gbogbo rẹ̀: kọ́nà, tírélà, bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà tó wó. Ó ní kí wọ́n mú Bàbá Jímọ̀ jáde wá wò ó.

"Mo wà níbẹ̀," ni bàbá náà wí. Kò wò ó.

Wọ́n lọ mú Gbádé wá. Ìbínú ló fi wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó fojú sí kámẹ́rà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

"Mi ò rí ọ̀kadà yẹn," ló rọra wí. "Wallahi, mi ò rí i."

Wọ́n tú Bàbá Jímọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti Gbádé mọ́lé. Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Sherifat, ó sì bi í pé, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lánàá?"

Nílé, Àríkẹ́ kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ẹ̀yìn ìrun àṣálẹ́ ló tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní Gbádé ní òun ò rí ọlọ́kadà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Kò rí i, Mọ́mì. Kò wò."

Àríkẹ́ ká ẹní ìrun, ó tún un tẹ́, ó tún un ká. "Ọsibítù wo ni obìnrin náà wà? Dìde, ká lọ. Bí mo bá wà níbí, n ó ya wèrè."

Ọ̀ṣunníkẹ́ jí nígbà tí wọ́n wọ yàrá rẹ̀ ní ọsibítù. Ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí," ni Àríkẹ́ wí.

Obìnrin náà kọjú sí ògiri. Àríkẹ́ kò lọ. Ó bu omi sínú ife, ó nà án sí i, kò gbé e kalẹ̀, Sherifat sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn orí obìnrin náà, bóyá á yíjú padà.