Ọmọ Láwàl Tó Dákẹ́

"Ta ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀?"

Àǹtí Efua ló béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó nàka sí Húsnà, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó dá jókòó sábẹ́ igi ní àgbàlá ilé ìwé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré yí ká bí ẹni pé òkúta ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé kíkà wo ara wọn lójú. Sàlmàn, tí wọ́n fi Húsnà lé lọ́wọ́, tẹrí ba, ó ń fi èékánná ha ṣọ́ọ̀kì tó gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àǹtí Efua ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá sí ilé ìwé ìjọba yìí ní Ashanti New Town láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Kì í pariwo. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, má bá a parí ọ̀rọ̀ tó ń pè, bó bá ṣì í, bi í bó ṣe rò ó kí o tó tún un ṣe. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa fi èdè ilé rẹ̀ là á yé e. Ó ní gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, òkùnkùn ni wọ́n fi ń wá òkùnkùn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n pín àwọn ọmọ, tó ń béèrè ta ló gbọ́ Hausa, ta ló gbọ́ Twi, Sàlmàn ti nawọ́ kí wọ́n tó pe orúkọ Húsnà tán.

"Tèmi nìyẹn, Àǹtí. Ọmọ Ìlọrin ni. Ará ilé wa ni."

Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ti ìyá àgbà. Ní Alabar níbi tí wọ́n bí Sàlmàn sí, àwọn ọmọ Yorùbá tí kò ju Húsnà lọ ń kí bàbá wọn ní Twi lórí ìdúró. Òun fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, Twi ló fi ń parí rẹ̀. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé àwọn ará wa tó tẹ̀dó sí òkè àríwá lọ́hùn-ún, èdè tiwọn ló mọ́ jù, nítorí Twi ò dé ọ̀dọ̀ wọn bà á jẹ́. Yendi, lókè àríwá náà, ni Húsnà ti wá.

Sàlmàn ti jáde yunifásítì, kò tíì ríṣẹ́, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Ohun tó bá díjú ló ń wù ú: àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, rédíò tó dákẹ́, ìṣirò tí ẹlòmíràn ti pa tì. Ó dojú kọ Húsnà bí ẹni tó fẹ́ tú okùn tó ta kókó.

Ọmọ náà mọ lẹ́tà. Ó lè pe ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé, "Kí ni ajá inú ìtàn yìí ṣe?" yóò wò ọ́ lẹ́nu, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ni, sà." Sàlmàn ya àwòrán. Ó to òkúta. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá etí ni. Ọmọ náà yíjú padà kíá. Ó gbé ìwé jìnnà sí i kó lè mọ̀ bóyá ojú ni. Ó pe ohun tó wà níbẹ̀ láìṣì. Ó fi Yorùbá ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ náà ń mi orí.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù rẹ̀ tán.

"Húsnà, àbí olódo ni ẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Túndé, tó ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, lu tábìlì. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ó ti jẹ́wọ́ o! Ẹjọ́ parí!" Húsnà wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má baà yàtọ̀.

Ìbéèrè tí Àǹtí Efua béèrè lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ní Sátidé yẹn ò jẹ́ kí Sàlmàn rójú jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ló gba ilé ọmọ náà lọ ní Alabar. Alájì Úthmàn, ẹ̀gbọ́n bàbá Húsnà, tó ń ta bàtà ní ọjà Race Course, wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tèslìmù, gbé omi wá.

Sàlmàn dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Húsnà ló gbé mi wá, sà. Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ nílé?"

Ìyá Tèslìmù ló dáhùn kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Ta ló ní kì í sọ̀rọ̀? Kì í kí ẹ ni?"

"Ó ń kí mi, Màmá. Ó ń kí mi dáadáa."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Kí ló tún kù?"

"Láwàl bàbá rẹ̀ náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," Alájì ní. "Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ó lọ sí Yendi, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tó kú lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ mú ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ará ìyá rẹ̀, kó má baà sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ Ìlọrin ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ nǹkan mìíràn fún ẹ, irọ́ ló pa."

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹn-hẹ́n." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sí i. "Ọ̀gá ilé ìwé ní bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó ń bọ̀, àárín àwọn ọmọ kéékèèké lòún máa dá a padà sí. Mi ò ní í jókòó kí wọ́n máa fi ọmọ àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan wà ní Accra tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé ọmọ pọ̀n. Bí ìwé bá kọ̀ ọ́, kó lọ."

"Ẹ fún mi láàyè títí di ìdánwò, Alájì. Mo bẹ̀ yín."

"Mo fún ẹ."

Húsnà gbé abọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tèslìmù ṣẹ́jú sí i. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí Sàlmàn, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, Sàlmàn kì í dúró de Sátidé mọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ló ń lọ bá a, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi agbọ̀n pọn omi. Nígbà tí ìdánwò parí, tíṣà kíláàsì, tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú, na ìwé Húsnà sí i. Ọmọ náà ti da gbogbo ìbéèrè kọ padà. Lẹ́tà rẹ̀ rẹwà, ìlà rẹ̀ tọ́. Kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀.

"Má tíì lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀," Àǹtí Efua ní. "Jẹ́ kí n bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ohun kan wà tí a ò rí."

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Sàlmàn. Kò tíì sí kókó tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí tí kò tú, ojú sì ń tì í. "Àǹtí, ọpọlọ ọmọ náà ni ò gbé e. Èmi ni mo jókòó tì í."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló lọ sọ fún Alájì nírọ̀lẹ́. Alájì ò bínú. Ó ṣáà ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀. O ṣeun, ọmọ mi," ó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bá ọmọ palẹ̀ ẹrù mọ́.

Lọ́jọ́ tí Húsnà máa lọ, Sàlmàn gba Race Course lọ láti dágbére fún un. Ọjà ti kún. Àwọn kayayo, àwọn ọmọbìnrin tó ti òkè àríwá wá, tí ń fi ọpọ́n irin ru ẹrù àwọn oníbàárà, ń gba àárín èrò kọjá. Ó bá Ìyá Tèslìmù ní ìsọ̀ Alájì, ó ń ṣa bàtà tí ọmọ máa wọ̀ lọ.

"Húsnà dà, Màmá?"

"Ó wà níta níbẹ̀ yẹn. Kò ní í pẹ́ tí ọkọ̀ á fi kún o."

Sàlmàn jáde, kò rí i. Ohun tó rí ni àwọn kayayo mélòó kan tó dojú ọpọ́n wọn dé, tí wọ́n jókòó lé e, tí ọmọbìnrin kan láàárín wọn ń rọ̀jò ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lójú kan. Ó sọ nǹkan kan, àwọn tó kù di ìhà mú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ojú Sàlmàn fò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọmọ tó dákẹ́ ló ń wá. Àfìgbà tí ọmọbìnrin náà yíjú sápá ibẹ̀.

Húsnà ni.

Ó ń nàka sí pátákó orí ìsọ̀ tó dojú kọ wọ́n. Ó pe lẹ́tà àkọ́kọ́, ó pe èkejì, ó wá kọjú sí èyí tó kéré jù nínú wọn. Ìyẹn pè é, ó ṣì í. Húsnà bi í ní nǹkan kan, ó sì dúró dè é. Nínú gbogbo ohun tó ń sọ, kò sí Yorùbá, kò sí Twi, kò sí Hausa. Dagbani ni, èdè àwọn ará Yendi, èdè àwọn kayayo, ó sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi.

Sàlmàn súnmọ́ èyí tó jókòó sí ìpẹ̀kun, ó fi Twi bi í pé, "Kí ló ń sọ fún yín?"

Ọmọbìnrin náà wò ó tẹsẹ̀-torí. "Ìwé ló ń kọ́ wa," ó fi Twi dá a lóhùn. "Ó ní bọ̀ọ̀dá kan ní ilé ìwé wọn ló kọ́ òun. Ó ní èèyàn dáadáa ni, kì í na ọmọ. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òun ò mọ èdè tó ń sọ."