Orúkọ Tí Súbérù Sọ fún Ọlọ́pàá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, wọ́n lé Súbérù, àbúrò mi, kúrò ní Libreville nítorí pé ó kọ̀, kò sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Atong Abè, àdúgbò wa níbẹ̀, ló kó bá a. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pín ara wọn sí méjì, apá kan á di Ìbàdàn, apá kejì á di Èkìtìparapọ̀, wọ́n á sì máa ja ogun Kírìjì nínú pápá. Ogun tó gba ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ẹnikẹ́ni ò borí, tó jẹ́ pé òyìnbó ló ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tí àgbàlagbà ń gbé ìbọn onígi kiri fún nìyẹn.

Buraimoh alága, tó ń ta aago, ló ṣòfin pé ẹni tó bá wọ ẹ̀wù balógun kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ títí eré yóò fi parí. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju tiyín lọ."

Súbérù ló wọ ẹ̀wù náà lọ́dún yẹn. Télọ̀ ni, òun ló rán an, ó sì ń wo ara rẹ̀ bí ọba.

Àwọn sójà ti fẹ́ gbàjọba ní oṣù kejì, ẹ̀rù ìbọn ṣì ń ba ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ariwo ogun, wọ́n dé. Ìbàdàn sá, Èkìtì sá. Súbérù nìkan ló dúró, torí balógun kì í sá.

Mo mú ìwé ìgbélùú rẹ̀, mo sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Buraimoh tẹ̀ lé mi.

Ọlọ́pàá ní, "Kí lorúkọ ẹ?"

"Balógun Ìbàdàn."

Mo ní, "Súbérù, sọ orúkọ ẹ fún un."

Ojú Buraimoh ló ń wò. Buraimoh ní, "Ẹ̀wù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀."

"Bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà."

"A kì í bọ́ ọ lójú ọ̀tá, Ìyá Fọlákẹ́."

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀: Balógun lorúkọ, Ìbàdàn lorúkọ bàbá. Mo gbé ìwé ìgbélùú síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó bi Súbérù pé ìwé ta ni ó jí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gbẹ́ni balógun wá rántí ara rẹ̀.

"Èmi ni Súbérù."

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Lọ́la ńkọ́, kí ni wàá máa jẹ́?"

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti mú un ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sílé. Buraimoh sọ̀rọ̀ gígùn ní etíkun, ó ní akọni kì í yí ohùn padà. Òun ní tirẹ̀ padà sídìí aago rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Oyún Àpèkẹ́, ìyàwó Súbérù, ti wọ oṣù kẹjọ, wọn ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ó bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ náà lò láyé. Bàbá rẹ̀ kò rí i.