Kọ̀máńdà Tí Kò Mọ̀wẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí Ọlábánjí ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti ẹ̀gbẹ́ Kirikiri lọ sí òdìkejì, kò sì mọ̀wẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀. Morádéún ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ebikabowei, tó máa ń pè ní Ebi, ọmọ Bayelsa tí àwọn méjèèjì jọ ni ọkọ̀ náà, kò mọ̀.

Irọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ń wá iṣẹ́ alábàárù ní etí omi, ọ̀gá kan bi í pé, "Ṣé o mọ odò ó wẹ̀?" Omi tó tóbi jù tí Ọlábánjí mọ̀ láyé ni èyí tó wà nínú ìkòkò ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹja ni, sà." Láti ọjọ́ náà ni ẹja kò ti rí àyè jẹ́wọ́. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọlábánjí a sì máa fi èyí tu ara rẹ̀ nínú pé ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ rárá kò léwu.

Ní oṣù tó kọjá, pákó jẹ́tì wọn, níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, dá mọ́ Chidinma lẹ́sẹ̀. Obìnrin yìí ní í ru búrẹ́dì kọjá láràárọ̀. Búrẹ́dì bọ́ sómi, ojúgun rẹ̀ sì bó. Nígbà tí Ebikabowei gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn ọkọ̀ àti ohun èlò ojú omi ní Apapa, ó ní kí àwọn lọ wo ohun tí ayé ń fi ṣe jẹ́tì báyìí.

Ebikabowei wọ sálúbàtà. Ọlábánjí wọ kóòtù ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi dígí dúdú bojú, oòrùn sì ń sè é bí ẹ̀wà. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ àti ipò wọn sílẹ̀. Ọlábánjí yọjú wo ìlà òkè, ó rí i pé ẹni tó ṣáájú kọ "Ọ̀gá Àgbà". Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó kọ ọ́ gbàgàdà: "Kọ̀máńdà Ọlábánjí."

Ebikabowei wo ìwé náà. "Commander of which army?"

"Ti omi."

Wọ́n tẹ orúkọ náà sórí káàdì, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ni gbogbo ayé bá ń kí i ní sà. Ó ń fi ìka kan ọkọ̀ lára kọ̀ kọ̀ kọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra bàrà, ó ń mi orí. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ funfun kan, ó bi ẹni tó ń tà á pé, "Agbára ẹ́ńjìnnì yìí ńkọ́?"

"Fíríìjì ni, sà."

"Mo mọ̀," ni Ọlábánjí wí, ó sì kọjá lọ kíá.

Nígbà tí wọ́n dé etí omi ni wọ́n rí ohun tí wọ́n wá wò. Jẹ́tì tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ni, bíi bíríkì ńláńlá tí wọ́n so pọ̀. Bí omi bá kún, á gòkè. Bí omi bá fà, á sọ̀ kalẹ̀. Ó rántí ojúgun Chidinma, ojú sì tì í díẹ̀.

Àfi bí Adaobi, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, ṣe rí káàdì ọrùn rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sẹ́nu. "Kọ̀máńdà kan wà láàárín wa! Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tuntun yìí, kí ẹ fò sómi. Tó bá ti kan omi, á wú fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ rì."

Jákẹ́ẹ̀tì náà kò ju okùn ìgbàjá méjì lọ. Bí Ọlábánjí bá ní òun kò ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń kí ní sà láti àárọ̀, níbo ló ti fẹ́ yá "rárá"? Ó wọ̀ ọ́. Ó gun jẹ́tì náà. Kó lè fi ìgbà ṣòfò, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Omi kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un." Ó fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ kan. "Ìbẹ̀rù ni ọ̀tá." Ó tún fi ẹ̀yìn rìn. Gbólóhùn kẹta kò bá ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì wú, gbòó! Ó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó dá a dùbúlẹ̀ kó kọjú sí ọ̀run. Ó léfòó bí ìgò òfìfo, ṣùgbọ́n ó rò pé òun ti ń rì.

"Jésù! Mo ti lọ! Ẹ sọ fún Morádéún pé èmi ni mo fọ́ àwo ìyá rẹ̀, kì í ṣe ológbò! Ebi! I no sabi swim! I never sabi am one day!"

"Ṣé ẹ rí i?" Adaobi ń bá ọjà rẹ̀ lọ. "Kódà ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ rárá!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Fóònù ń yàwòrán lọ́tùn-ún lósì. Ebikabowei nìkan ló kúnlẹ̀, tó fi kọ́là kóòtù fà á wá sétí jẹ́tì.

Ní Liverpool Road, láàárín àwọn tírélà, bàtà Ọlábánjí ń dún fọ́sọ́fọ́sọ́. Ebikabowei kò rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mọ́kànlá, Bánjí. Lọ́jọ́ tí ìjì ká wa mọ́ ojú omi, èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ọkọ̀. Èmi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìwọ ni mo fi gbogbo wọn tì."

Ọlábánjí fún omi kúrò lára kóòtù rẹ̀. Ó rántí pé òun a máa sọ fún èrò pé ojo ló ń wọ jákẹ́ẹ̀tì, tí òun náà kò sì ní wọ̀, kí wọ́n má baà fura. Ojú tó tì í nínú omi kò tó èyí. "Má bínú," ló lè sọ. "Irọ́ náà ti dàgbà jù mí lọ."

"Màá kọ́ ẹ. Àmọ́ títí o fi máa mọ̀ ọ́n, o ò ní dá kó èrò."

Wọ́n ra jákẹ́ẹ̀tì tó tó iye ìjókòó ọkọ̀ wọn. Agbára wọn kò ká jẹ́tì rọ́bà, káfíńtà Amukoko ló fi pákó tuntun rọ́pò èyí tó dá. Nígbà tó di ọjọ́rú, Ọlábánjí wà níbi tómi kò jìn, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbá kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ra, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi kíkankíkan. Èrò ti tò sórí jẹ́tì.

"Brọ̀dá Bánjí, ẹ gbé ìdí sókè!" ni Chidinma ń pariwo, agbọ̀n búrẹ́dì lórí rẹ̀.

Ó gbé e sókè. Ó mu omi. Ó tún ta ẹsẹ̀ títí tí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Ebi, mo ti rìn tó ibo?"

Ebikabowei wò ó dáadáa. "O padà sẹ́yìn díẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."