Eyín Tó Kán

Bí ìdérí agolo náà ti ṣí, òórùn kíkan jáde lu Alágbàfọ̀ nímú, ó sì mọ̀ pé ọ̀ràn ti bẹ́. Kò tíì wo inú rẹ̀ rárá. Fíìmù tó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, ó ń kú lọ nìyẹn. Imú ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń mọ òkú kí ojú tó bá a débẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa ìpẹ̀kun fíìmù náà díẹ̀, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ti di odidi kan bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

Kì í ṣe aṣọ ló ń fọ̀ o. Àwọn ará ibiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Alágbàfọ̀ nítorí pé fíìmù àtijọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀: á fọ eruku àti òógùn ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, á gbé e fún ẹ̀rọ tó ń yà á sínú kọ̀ǹpútà, ohun tó ti ṣú á sì mọ́ kedere. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti kó àwọn fídíò orin Olóhùn-Oyin wá fún wọn. Ta ni kò mọ Olóhùn-Oyin? Àwọn tó ti di ìyá àgbà báyìí ló ń jó orin rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń sá fún bàbá wọn. Ó ti dàgbà, kò kọrin mọ́, àwọn tó ni orin náà sì fẹ́ tún gbogbo fídíò rẹ̀ gbé jáde kí ó lè mọ́ gaara lójú tẹlifíṣọ̀n òde òní. Agolo mẹ́ta ni èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Méjì ti mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ẹ̀kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yìí, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà.

Ẹ̀gbọ́n yìí wà lára àwọn tó jó lẹ́yìn Olóhùn-Oyin. Lápá ìparí, bí àwọn oníjó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ láyé nìyẹn. Nígbà tó sá kúrò nílé lọ di oníjó, bàbá wọn fi ìbínú kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ jọ sẹ́yìnkùlé, ó dáná sun wọ́n, ó ní òun kò bí oníjó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ń kó àwọn oníjó bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ya fídíò náà ré bọ́ sínú kòtò, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kú sí. Bàbá tó sun fọ́tò fi ìyókù ayé rẹ̀ sá fún ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, ara kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á kọ. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé tí òjò ń rọ̀ sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Alágbàfọ̀ ti fi í sínú fláàṣì fún ìyá wọn, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n Màámi ló sì máa ń wà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màámi. Nígbà tí dókítà ṣí báńdéèjì, kò kí ẹnikẹ́ni, kò dúpẹ́, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ìgbà wo lo máa fọ tọmọ mi tán? Ojú tèmi ti ṣe tán." Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé ọjọ́ Ẹtì ni, kò ní í yẹ̀. Òní sì ni ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú.

"Ṣó ti kú?"

"Ó ti kú, ọ̀gá."

"A ṣáà ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Gbé e fún Ìyá Aláwọ̀, kí ẹ̀rọ bá wa parí ẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ká kàn nu eruku ara ẹ̀."

"Kó mọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kó wá dé ìparí kó ṣú? Wọ́n á ní àwa la bà á jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló ń jáde, o kúkú mọ̀."

Alágbàfọ̀ mọ̀. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sọ fún un, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun fún ẹlòmíràn, kí wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn jù kì í lè fara balẹ̀. Ìyá Aláwọ̀ nìkan ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Aláwọ̀ kì í ṣe ìyá ẹnì kankan nínú wọn, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti Alágbàfọ̀ lọ. Ó ń tún àwọ̀ fídíò ṣe, ó sì ń bá gbogbo wọn wí bí ọmọ, ìyẹn ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀rọ tí ọ̀gá ń wí yìí, kì í fọ nǹkan. Àbá ló ń dá. Bí wọ́n bá fi ojú tó ṣú hàn án, á ronú kan àwọn ojú tó ti rí rí, á sì ya èyí tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ojú àwọn àjèjì tí kò bá wọn tan ni wọ́n ti kó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló ta kò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí wọ́n kó ojú àjèjì kúrò pátápátá, kí ẹ̀rọ kọ́ ojú lára àwọn tó wà nínú fídíò yìí nìkan, àwọn tó jọ dúró lábẹ́ iná kan náà, tí wọ́n jọ làágùn. Ó ní ìyẹn ló bá òótọ́ mu. Gbogbo wọn mi orí, ọ̀gá tilẹ̀ yìn ín lójú gbogbo ènìyàn.

Ìyá Aláwọ̀ fi ibi àtẹ̀gùn bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Wọ́n dúró. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú òjò náà díẹ̀díẹ̀: iwájú orí, ìpéǹpéjú, òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ọmọdébìnrin náà yíjú sí wọn, ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun, wọ́n gún régé, wọ́n pé.

"Ó mà rẹwà o!" Ìyá Aláwọ̀ fi ọwọ́ lu itan. "Ṣé bó ṣe rí gan-an nìyí?"

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní eyín tó pé. Nígbà èwe ló ti fẹnu lu etí kànga, ìdajì eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán dànù. Látìgbà náà, bí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí ẹnu. Orí àtẹ̀gùn yẹn nìkan ló ti gbàgbé láti bò ó, ìdí sì nìyẹn tí ibẹ̀ fi ṣe iyebíye lójú wọn nílé. Alágbàfọ̀ sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó tún wo ẹnu náà dáadáa, ìgbà náà ló dá eyín náà mọ̀. Eyín Olóhùn-Oyin ni. Àwọn oníjó yòókù pa ẹnu dé láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dé òpin. Ta ló tún ń la ẹnu sí kámẹ́rà bí kò ṣe ẹni tó ń kọrin? Lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti kọ́ bí ẹnu ti ń rí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ti fata sẹ́nu, Alágbàfọ̀ ló sì bu ata náà fún un.

Ó ní kí Ìyá Aláwọ̀ yọ̀ǹda àga fún òun. Ó mú kálámù ẹ̀rọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ eyín náà, kò ju kí ó fa ilà dúdú kékeré kan lọ. Ó gbé kálámù sí apá ọ̀tún, ó gbé e kúrò. Ó gbé e sí apá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀tún ni àbí òsì? Ọmọ kékeré ni nígbà náà, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di ojú kí ó lè rí i, àmọ́ ọwọ́ tó bo ẹnu ló rí, pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó fi tipátipá ká ọwọ́ náà kúrò lọ́kàn rẹ̀, eyín funfun tó pé ló bá níbẹ̀.

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́, Màámi. Ṣé ojú ò dùn yín?"

"Kò dùn mí. Mo ti nu tẹlifíṣọ̀n, mo ti gbé àga sún mọ́ ọn. Ṣó ti ṣe tán?"

"Ó ku díẹ̀. Màámi, eyín ẹ̀gbọ́n mi tó kán un, ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Ọ̀tún ni. Rárá, dúró ná. Tó bá kọjú sí mi báyìí…" Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo jókòó síwájú ẹ̀? Wò ó níbẹ̀ kó o sọ fún mi. Ó ti pẹ́ témi náà ti ń wá a."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Alágbàfọ̀ sunkún lọ́dẹ̀dẹ̀ náà, ó kọjú sí ògiri, kò sì rí nǹkan kan.

Nígbà tó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá fa àga, ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n ẹ? Kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?" Ó mú fóònù rẹ̀, ó ní wọ́n ti fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Olóhùn-Oyin, ó ti wò ó, ó sì ti fèsì. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́. Ohùn arúgbó náà jáde, ó ṣì dùn díẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ wo ọmọ tó yíjú lórí àtẹ̀gùn yẹn! Ó jọ èmi gan-an nígbà èwe mi. Mi ò rántí pé a jọra tó bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, gbogbo wọn. Ẹ gbé e jáde, mo fọwọ́ sí i."

"O gbọ́ ọ," ni ọ̀gá wí. "Mi ò lágbára lórí ẹ̀ mọ́."

"Ti àtijọ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Wọ́n á yọ ọ́. Wọn ò fẹ́ kó jẹ́ méjì."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kí ó máa lọ sílé. Ọ̀gá kò burú. Ì bá sàn kí ó burú, Alágbàfọ̀ ì bá rí ẹni bínú sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màámi ti wà lórí àga, ó wọ awò dúdú tí dókítà fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Fídíò náà bẹ̀rẹ̀. Olóhùn-Oyin jáde nínú aṣọ tó ń dán, Màámi kò tilẹ̀ kà á sí. "Ìwọ obìnrin yìí, yàgò lọ́nà jàre," ló ń wí fún un. Nígbà tó kan àtẹ̀gùn, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ọmọdébìnrin náà yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

"Dá a padà."

Ó dá a padà.

"Tún dá a padà. Dá a dúró síbẹ̀." Màámi tẹ̀ síwájú. "Eyín ẹ̀ pé."

Ẹ̀rù ba Alágbàfọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Màámi ti mọ̀. Òun náà á lè sọ̀rọ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì á sì jọ sunkún rẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé…"

"Ó ṣe é."

"Ó ṣe kí ni?"

"Eyín ẹ̀! Lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tó lọ, inú kíṣìnì la wà. Ó ní, 'Màámi, owó àkọ́kọ́ tó bá kàn mí lọ́wọ́, màá fi tún eyín yìí ṣe, kí n yé fọwọ́ bo ẹnu.' Mi ò sọ fún bàbá yín, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọdún yìí, mo ní ọmọ mi bá ìtìjú ẹ̀ lọ." Omi ń bọ́ lójú tuntun náà, kò nù ún. "Ó ṣe é! Tí kò bá ṣe é, ṣó lè la ẹnu rẹ́rìn-ín báyẹn níwájú èèyàn?"

Òótọ́ wà lórí ahọ́n Alágbàfọ̀, kò rí ibi tí ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

"Bá mi pa ti àtijọ́ inú fláàṣì yẹn rẹ́," ni Màámi wí, "kí n má ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Màámi. Kò dí nǹkan kan lọ́wọ́."

"Kí la fẹ́ fi ojú ṣíṣú ṣe, nígbà tọ́mọ ti hàn?"

Ó mú rìmóòtù. Ó rò ó pé òun á ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ ná, kí òun máa rí i wò. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ pé kí ni òun á máa wò nínú rẹ̀. Bí ó bá tẹjú mọ́ òkùnkùn ẹnu náà báyìí, eyín Olóhùn-Oyin ni òun á máa rí níbẹ̀. Ó pa á rẹ́.

Màámi ní kí ó tún tan fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún kan àtẹ̀gùn, tí ọmọdébìnrin náà yíjú tó rẹ́rìn-ín, Màámi náà bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè lọ bo ẹnu. Láti ọdún tí ọmọ náà ti kú ló ti ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe eyín tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í nílé rí. Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń gbé e, bó ṣe máa ń ka ìka rẹ̀. Kò mọ̀ títí di òní pé ibẹ̀ ni òun ti ń rí i.

Bí ẹni pé Màámi rántí nǹkan, ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ sórí itan, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ láì bo ẹnu.